Ọwọ́ Jìgìjìgì Lára Ṣanpéènì Àna Rẹ̀

Ọwọ́ ọ̀tún Jìgìjìgì kì í gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ ló ba ọwọ́ náà jẹ́. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì ju fọ́nrán òwú lọ ló ti ń po oògùn olómi ní ilé ìtaògùn: oògùn ikọ́, oògùn ibà àwọn ọmọdé, oògùn inú rírun tó funfun báláú. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí èèyàn mì wọ́n dáadáa kó tó rọ wọ́n sínú ṣíbí, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn a máa sùn sísàlẹ̀ bí ọ̀lẹ. Ó mi ìgò títí ọwọ́ náà fi di ẹ̀rọ. Kó sáà ti kan ìgò, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: jìgì, jìgì, jìgì. Ó ti mi ìgò omi lásán rí. Ó ti mi ìgò òróró títí ìyàwó rẹ̀ fi bi í léèrè bóyá òróró náà ń wúkọ́ ni. Wọ́n tiẹ̀ ní ó mi ìgò mílíìkì ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan títí mílíìkì fi di bọ́tà, tí ọmọ náà wá ń fojú wá búrẹ́dì kiri. Irọ́ lè wà nínú ìyẹn o, ṣùgbọ́n irọ́ ò sí nínú orúkọ Jìgìjìgì. Kódà àna rẹ̀, bàbá ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń pè é.

Àna yìí ló sì ni ìgò tó fẹ́ pa Jìgìjìgì lọ́jọ́ tí à ń wí yìí.

Olórí agbọ́tí ni Bàbá ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti ṣí ṣanpéènì fún àwọn olówó tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sín, báńkì á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ṣùgbọ́n ṣanpéènì kan wà tó ga ju gbogbo wọn lọ lójú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe é lọ́dọọdún. Ọdún tí oòrùn àti òjò bá gbọ́ra wọn yé, tí àjàrà sì gbó bó ṣe yẹ, nìkan ni wọ́n máa ń ṣe é, wọn á sì kọ ọdún náà sára ìgò. Ọdún tí nǹkan ò bá dára, wọn á káwọ́ gbera. Bàbá bu ọtí yìí fún àlejò títí orí rẹ̀ fi funfun, kò sì kan ahọ́n rẹ̀ rí, torí agbọ́tí kì í mu ohun tí àlejò rà. Kọ́ọ̀kì, èdídí ẹnu ìgò rẹ̀, nìkan ló máa ń gbóòórùn. Á gbé e símú, á dijú, á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dárúkọ ìyá rẹ̀ sí létí. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ni ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì fún un ní odindi ìgò kan. Ó gbé e wálé, ó tẹ́ ẹ sínú yàrá kékeré abẹ́ àkàsọ̀, níbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù, ó wá ń dúró de ọjọ́ tó bá yẹ ẹ́.

Ọjọ́ náà dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ ló gbé e wá. Egbò kan ti jókòó sẹ́yìn ahọ́n Bàbá, àwọn dókítà sì máa gé e lọ́la. Wọ́n ti sọ fún un láìfi bò pé bí ọ̀bẹ bá débẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnu rẹ̀ má mọ dídùn mọ kíkorò mọ́ láéláé. Ìrọ̀lẹ́ òní ló máa wọ ilé ìwòsàn, tó bá sì ti wọbẹ̀, ohunkóhun ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Bàbá wá ní ọ̀sán yìí gan-an ni wọ́n máa ṣí ìgò náà. Bí kò bá tọ́ ọ wò lónìí, ó parí nìyẹn.

"Jìgìjìgì," Bàbá pè é láti orí àga. Ohùn rẹ̀ ti há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìwọ lo máa lọ gbé e."

"Èmi kẹ̀, Bàbá?"

"Ìwọ kẹ̀. Gbé e bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Má fi kan ògiri, má gbé e nàró lójijì, má..."

"Má mì í!" Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló já a gbà. Àkọ́bí Bàbá ni obìnrin yìí, ohùn rẹ̀ lè jí òkú, kó sì tún pàṣẹ pé kí òkú náà lọ bọ́jú. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e fúnra mi. Ẹ wo gbogbo ayé yìí, ọkọ àbúrò mi lẹ rí rán sí ìgò!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ọmọdé ò burú tó ẹ. Ọmọ tèmi ṣì ń bèèrè bọ́tà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún, ó fọwọ́ di ọ̀fun mú. Ìyàwó Jìgìjìgì nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, ó ń ká aṣọ tí Bàbá máa wọ̀ sùn ní ilé ìwòsàn. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká, aṣọ náà fẹ́ẹ̀ já sí méjì. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ má mì í o."

Jẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà á ju ariwo ẹ̀gbọ́n lọ.

Yàrá abẹ́ àkàsọ̀ kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi èjìká kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó ráyè wọlé. Jìgìjìgì tanná. Ìgò náà rèé lórí táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣẹ́ po, ó nà gbalaja bí ọba tó ń sùn. Dúdú bí ewé inú igbó, ọrùn rẹ̀ wọ bébà aláwọ̀ wúrà, ìdí rẹ̀ sì kó wọnú bí àwo. Ọdún tí wọ́n kọ sí i lára, Jìgìjìgì ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé nígbà náà. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé e. Ó wúwo ju bí ìgò ṣe yẹ kó wúwo lọ, àfi bíi pé wọ́n rọ gbogbo ọdún yẹn sínú rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ó bá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òní nìkan. Lọ́la, mo fún ẹ ní gbogbo ìgò ayé kó o mì."

Ọwọ́ náà gbọ́. Ó gbọ́ pátápátá, títí wọ́n fi dé abẹ́ gílóòbù.

Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé ìgò náà sókè síbi iná, bó ṣe máa ń gbé gbogbo ìgò oògùn sókè, láti wò ó bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sùn. Ojú rí òjìji kan nísàlẹ̀. Ojú ò tíì ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọwọ́ ti jẹ́ iṣẹ́ náà tán. Jìgì! Jìgì! Jìgì! Ó mì í bí ẹni tó fẹ́ rọ ọ́ fún odindi ìlú tó ń wúkọ́. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fi máa ké "Yéè!", ọwọ́ ti parí iṣẹ́, ó tiẹ̀ ti ń wá ṣíbí.

Ẹ̀rù tó bà á, ká ní wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n ni, ìwọ̀n á bẹ̀bẹ̀. Ṣé Bàbá ti sọ fún un rí, àbí kò sọ fún un, pé afẹ́fẹ́ tó há mọ́ inú ṣanpéènì lágbára tó èyí tó wà nínú táyà ọkọ̀ akẹ́rù? Ṣé kò sọ fún un nípa agbọ́tí aláìmọ̀kan kan tó mi ìgò níbi ìgbéyàwó kó tó ṣí i, tí kọ́ọ̀kì fọ́ fìtílà àjà, tó padà wálẹ̀ wá yọ eyín iwájú ọkọ ìyàwó, tí gbogbo ọtí sì gun ara ògiri lọ, tí ohun tó kù nínú ìgò ò tó rẹ ètè? Ìgò kan ṣoṣo ni Bàbá ní láyé. Bí èyí bá gun ògiri, ahọ́n Bàbá máa lọ sábẹ́ ọ̀bẹ láì mọ ohun tó ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà èwe.

Orúnkún Jìgìjìgì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Ìgbà náà ló wá rí i pé bí òun ṣe ń gbọ̀n yìí, òun tún ń mi ìgò náà lọ ni! Ẹ̀rù pé òun mì í ló ń mú òun mì í. Ó gbé e sórí táwẹ́ẹ̀lì wéré, ó fọwọ́ méjèèjì há abíyá, ó dúró síbẹ̀ bí olè tí ọlọ́pàá ní kó má mira.

"Ṣé orílẹ̀-èdè mìíràn ni abẹ́ àkàsọ̀ wa wà ni?" ẹ̀gbọ́n ké láti pálọ̀.

Ó gbé e jáde. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé bọ́ǹbù, bọ́ǹbù náà ló sì gbé.

"Bàbá," ó ní, "kò tíì tutù tó."

Bàbá nawọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ara ìgò.

"Òótọ́ lo sọ. Ẹ fi yìnyín àti omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó tutù, àmọ́ kó má tutù jù. Tó bá tutù jù, á yadi."

Ìyàwó rẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, Jìgìjìgì gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ìgò bọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọrùn rẹ̀ mú nínú yìnyín. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: tí wọ́n bá jẹ́ kí ìgò náà sinmi nínú òtútù, inú rẹ̀ á rọ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wúrà ni. Kò pẹ́ tí ìka rẹ̀ ò fi jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ láti wò ó bóyá ó ti tutù, Jìgìjìgì fi gbogbo ara bo bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Hà! Ṣé ò ń sàba lé ẹyin ni? Inú yìnyín? Adìẹ wo lo rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jókòó. Bàbá, ẹ tún sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"O ti gbọ́ ọ rí."

"Mo ti gbàgbé, sà. Gbogbo rẹ̀ ló fò lọ."

Bàbá wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló lè bèèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ kó má dáhùn? Ó gbé itọ́ mì pẹ̀lú ìrora, ó gbẹ́nu lé e.

"Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta ẹfun. Ibẹ̀ dákẹ́, ibẹ̀ tutù. Òun àti ìwúkàrà rẹ̀ ló máa jọ sùn nínú ìgò kan náà, ọdún á gorí ọdún. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà tán, á kú sára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọtí ti ń jí òórùn búrẹ́dì gbé. Nígbà tó bá yá, wọn á dorí ìgò kodò díẹ̀díẹ̀, wọn á máa fọwọ́ yí i, wúyẹ́, wúyẹ́, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kó sí ọrùn, wọn á wá lé e síta. Wọn kì í mì í o. Èèyàn tó bá mì í níbẹ̀, lílé ni."

Itọ́ tí Jìgìjìgì gbé mì, aládùúgbò gbọ́ ọ.

"Ṣé kò wá sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan nínú èyí, Bàbá?"

"Rárá o. Ó mọ́ tónítóní. Bó o bá rí òjìji nísàlẹ̀, ìdí ìgò lásán ni."

Jìgìjìgì fẹ́ sunkún. Ìdí ìgò lásán!

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń rí nínú ẹ̀, Bàbá?" ẹ̀gbọ́n bèèrè. Ó ń wo ojú ọ̀nà ju bó ṣe ń wo Bàbá lọ. "Ọtí sáà ni."

"Ọtí yòókù a máa pariwo. Èyí kì í pariwo. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n ń bú ara wọn wọlé, wọ́n mu ún, wọ́n dákẹ́, ọkùnrin náà ní, 'Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?' Ìyàwó ní, 'Mo gbọ́ ọ.' Èmi dúró tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ funfun lápá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, ojú èèyàn ni mo ń wò. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n gbọ́ náà ni."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Píín!

Kóòmù tó fẹ́ fi sínú báàgì jábọ́ lọ́wọ́ ìyàwó Jìgìjìgì. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé Bàbá lọ ló dé yẹn, gbogbo ilé sì wá tutù ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Bàbá fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀.

"Ó ti tó. Ṣí i."

Jìgìjìgì gbé ìgò jáde, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo ojú Bàbá, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tààrà níwájú kọ́ọ̀kì. Ó wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ìgò mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo mì í."

"Mo sọ ọ́!" Ẹ̀gbọ́n ti gba tìmùtìmù kan bojú, ó ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. "Ṣé mi ò sọ ọ́? Ó ti pa wá! Àbúrò mi, kúrò níwájú ìgò yẹn!"

Bàbá dákẹ́ títí Jìgìjìgì fi rò pé egbò náà ti gba ohùn rẹ̀ láì dúró de dókítà. Fèrè tún dún.

"Ìgbà wo lo mì í?"

"Kí n tó gbé e wọ yìnyín, sà."

"Súnmọ́ ibí." Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lé ọwọ́ Jìgìjìgì tó ń gbọ̀n, ìgò sì wà láàárín wọn. "Kọjú ọrùn ẹ̀ sí ògiri. Bó bébà yẹn, tú wáyà tó di kọ́ọ̀kì mú, àmọ́ àtàǹpàkò ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ́ọ̀kì. Tó bá kúrò, ojú ẹnì kan ló máa lọ sí i."

"Mo gbọ́, sà."

"Tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Má yí kọ́ọ̀kì. Ìdí ìgò ni kó o yí. Díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní!"

Kọ́ọ̀kì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ Jìgìjìgì. Ó ń ti í bí àgbò tó fẹ́ jáde nínú ọgbà. Òógùn bọ́ sí i lójú, kò lè nù ún.

"Bàbá, ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀ o!"

"Máa dá a padà. Jẹ́ kó rò pé o ò fẹ́ kó jáde. Máa dá a padà... ó yá..."

Ṣíììì.

Kò dún ju bí ọmọ tó mí lójú oorun lọ. Ìfóòfó yọ lẹ́nu ìgò, ó ṣàn gba ìka àwọn méjèèjì kọjá, ó rọ sílẹ̀, Jìgìjìgì ń wò ó bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró. Ó dúró ní èjìká ìgò. Ẹ̀gbọ́n yọ ojú kan síta lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ṣé a ti kú?"

"A ò tíì kú," ni Bàbá wí. "Ẹ gbé ife wá."

Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti òrùka wúrà àtijọ́. Àwọn ẹyọ afẹ́fẹ́ tíntìntín ń tò gòkè láti ìsàlẹ̀ ife bí òwú tí ẹnì kan ń fà láì dáwọ́ dúró. Bàbá gbé tirẹ̀ sókè, ó dijú, ó mu ún. Gbogbo wọn ń wo ọ̀fun rẹ̀.

"Ó dùn," ni Bàbá wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dùn bí oyin. Oyin gidi."

Ẹ̀gbọ́n gbé tirẹ̀ dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Oyin kẹ̀? Bàbá, kíkan ni o! Ó gbẹ mí lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́!"

"Ẹnu ẹ ni ò tíì lajú," Bàbá dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n sì rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé Bàbá lè fi òun ṣẹ̀fẹ̀.

Jìgìjìgì tọ́ tirẹ̀ wò. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ da ṣúgà sínú oògùn ikọ́ mọ ṣúgà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì sí i níbí. Kò sí oyin. Ó gbójú sókè, ó rí ojú Bàbá. Kì í ṣe ojú ẹni tó gbọ́ nǹkan. Ojú ọmọdé ni, ọmọdé tó ní òun ti gbé oògùn mì kí àwọn àgbà lè fi òun sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ti ń rọlẹ̀ nínú Jìgìjìgì dìde, ó tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ẹ kó àwọn báàgì lọ sínú ọkọ̀," Bàbá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. "Jìgìjìgì á mú mi bọ̀."

Ó dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi jìnnà.

"O ti mọ̀," ó ní.

"Bàbá... láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Egbò náà ò dúró de ọ̀bẹ. Ẹnu mi, imú mi, ó ti dà bí ilé tí ayálégbé ti kó jáde. Mo rò pé bóyá èyí nìkan á lè wọlé. Omi tó ń gún mi lábẹ́rẹ́ ni mo mu." Ó gbé ife sílẹ̀. "Má sọ fún wọn. Ẹ̀rù tó wà lára wọn ti tó."

"Ṣé ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà ni?"

"Èmi? Jìgìjìgì, ká ní omi ni ẹ̀rù tó wà nínú mi, orí òrùlé lò bá ti máa bá mi sọ̀rọ̀ báyìí." Ó ti ife Jìgìjìgì sún mọ́ ọn. "Mu ún. Sọ ọ́ fún mi."

"Bàbá, mi ò mọ̀ nípa ọtí! Oògùn ikọ́ ni mo mọ̀."

"Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kó o sọ. Má bù mọ́ ọn. Mo mọ̀ ẹ́."

Kọ́ọ̀kì tó fẹ́ fọ́ ojú èèyàn ò dẹ́rù ba Jìgìjìgì tó èyí. Tó bá ṣì í sọ, irọ́ ni Bàbá máa gbé lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mu ún, ó jẹ́ kó dúró lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ó tutù," ó ní. "Ó ń gún ni lóòótọ́, àmọ́ kò dun ni. Bí ẹsẹ̀ tó kú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Lẹ́yìn náà, ọsàn wẹ́wẹ́. Kì í ṣe omi rẹ̀. Èèpo rẹ̀, téèyàn bá fi èékánná ha á."

"Ẹn-ẹn."

"Búrẹ́dì wà níbẹ̀, Bàbá. Etí búrẹ́dì, ibi tó ti pọ́n. Àti ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Nǹkan kan tún wà nísàlẹ̀ wọn..." Ó dúró. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. "Ẹ mọ̀ tí òjò bá kọ́kọ́ kan ògiri tó ti gbẹ? Òórùn yẹn. Àmọ́ ẹnu ni mo fi ń gbọ́ ọ."

Bàbá ti dijú. Ọwọ́ rẹ̀ ti di ọrùn ọwọ́ Jìgìjìgì mú, ó sì mú un gírígírí.

"Ìgbà tó o gbé e mì ńkọ́?"

"Kò tíì lọ, Bàbá."

"Kò tíì lọ?"

Fèrè dún, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Bàbá o!" ẹ̀gbọ́n ké láti ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ní a ti pẹ́!" Bàbá ò ṣí ojú. Ó gbé ìka kan sókè sí ọ̀nà ibi tí ohùn náà ti wá, kí ó dúró.

"Ó ti ń kéré," Jìgìjìgì sọ fún un jẹ́jẹ́, "àmọ́ ó wà níbẹ̀."

"Sọ fún mi tó bá lọ."

Jìgìjìgì pa ẹnu rẹ̀ dé, kò jẹ́ gbé itọ́ mì, ó ń ṣọ́ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀.